Sítíkà Ojú Gíláàsì àti Owó-Orí Ọkọ̀ ní Ìlú Onílùú

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀nà ti ní ẹni tí ń gba owó lórí rẹ̀. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá rárá ni oníbodè ti wà lẹ́nu odi àwọn ìlú ńláńlá wa, tí ó fi jẹ́ pé alájàpá tí ó ru ẹrù kúrò ní Ìjẹ̀bú, tí ó dorí kọ Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kò lè kọjá láì ka owó-ẹyọ lé oníbodè lọ́wọ́, nítorí àwọn àgbà gbà pé ẹni tí ó bá rin ọ̀nà tí ẹlòmíràn yẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń ṣọ́, kò gbọdọ̀ rìn ín lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà títí di òní olónìí. Ọ̀nà tí a ń gbà mọ ẹni tí ó san ni ó yí padà. Oníbodè ìgbà nì ń fi ojú ara rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n ti òde òní kò jókòó sẹ́nu odi mọ́: ìwé ni ó kọ́kọ́ fi rọ́pò ojú, lẹ́yìn náà ó fi sítíkà ojú gíláàsì rọ́pò ìwé, nísinsìnyí ó sì ń fi kámẹ́rà àti àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rọ́pò sítíkà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tẹ̀dó sí Ìlú Ọba, sí Jámánì, sí Amẹ́ríkà àti sí àwọn ilẹ̀ mìíràn lókè òkun kò kéré níye mọ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti di ẹsẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ó dùn mí dé ọkàn pé àwọn ènìyàn rere, tí kì í ṣe olè, tí kì í ṣe arúfin, ń san owó ìtanràn gọbọi lórí ọkọ̀ wọn, kì í ṣe nítorí pé wọ́n kọ̀ láti san owó ìjọba, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n rò pé bí a ti ń ṣe é nílé ni a ń ṣe é níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ti wí pé bí a ti ń ṣe níhìn-ín, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí a yẹ gbogbo ọ̀ràn yìí wò láti ìdí dé òkè: kí ni sítíkà ojú gíláàsì jẹ́, kí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀, báwo ni àlejò sì ti lè mọ ohun tí ó kàn án?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun mẹ́rin sọ́tọ̀, nítorí pé dída mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni orísun wàhálà tí ó pọ̀ jù lọ. Èkíní ni owó-orí ọkọ̀ ọdọọdún, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ ń san fún ìjọba, ìbáà rìn jìnnà, ìbáà rìn nítòsí. Èkejì ni owó ojú ọ̀nà, tí a ń san nítorí pé a gba ọ̀nà kan tàbí afárá kan kọjá. Ẹ̀kẹta ni owó èéfín, tí àwọn ìlú ńlá ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe owó-orí rárá. Ẹ̀rí ni, bíi ẹ̀rí pé ọkọ̀ ní adójútòfò, èyí tí a ń pè ní inṣọ́ránsì, àti ẹ̀rí pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ wò tí ara rẹ̀ sì dá. Sítíkà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí nìyí tí ẹni tí ó rí sítíkà kan lójú gíláàsì rẹ̀ fi lè rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́ta ṣì kù tí kò tíì kàn.

Ẹni tí ó bá ti wakọ̀ ní Èkó akéte, ilé ọgbọ́n, mọ ohun tí à ń pè ní pátíkúlà: ìwé àṣẹ ọkọ̀ tí a ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà, ìwé adójútòfò, àti ìwé ẹ̀rí ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn òṣìṣẹ́ VIO tí ń yẹ ọkọ̀ wò wà lójú pópó, pé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 wà níbẹ̀, pé ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀, tí èyíkéyìí nínú wọn lè na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró kí ó ní kí a kó ìwé jáde. Àṣà yìí ti kọ́ awakọ̀ wa ní ẹ̀kọ́ méjì: pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ni agbára, àti pé bí ìwé bá ti kọjá ọjọ́, ènìyàn kan ni yóò sọ fún un lójúkojú. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni kò wúlò mọ́ ní ibi púpọ̀ lókè òkun, ẹni tí kò bá sì tètè gbàgbé wọn yóò fi owó kọ́gbọ́n.

Ìlú Ọba ni ó yẹ kí a fi ṣe òpómúléró àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni sítíkà ojú gíláàsì ti jọba pẹ́ kí ó tó wàjà. Ní ọdún 1909 ni David Lloyd George, tí ó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, gbé ètò kalẹ̀ pé kí owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ń san máa lọ sí títún ọ̀nà ṣe. Òfin Ojú Ọ̀nà ti ọdún 1920 fi ìdí ètò náà múlẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, gbogbo ọkọ̀ ní láti gbé ìwé róbótó kékeré kan sí ojú gíláàsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ti san. Ṣùgbọ́n owó kì í pẹ́ kó tó ní olójúkòkòrò: àwọn mínísítà tí ó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ọ̀nà lọ sí ibòmíràn, nígbà tí ó sì di ọdún 1937, wọ́n já okùn tí ó so owó náà mọ́ ọ̀nà, ó sì wọ inú àpò ìjọba gbogbogbòò bí owó-orí yòókù. Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ṣì ń pè é ní owó ọ̀nà títí di òní, owó-orí lórí ọkọ̀ ni ó jẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kì í wakọ̀ lọ jìnnà, nítorí náà òun kò yẹ kí ó san púpọ̀, kò tíì mọ ohun tí òfin ń béèrè.

Ìwé róbótó yìí lo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún lójú gíláàsì, tí ọlọ́pàá àti wọ́dà àdúgbò ń wò ó bí wọ́n ti ń kọjá lọ, tí àwọn kan tilẹ̀ ń kó ti àtijọ́ jọ bí ohun ìṣúra. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni ìjọba fi òpin sí i, tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú orúkọ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Swansea, ti tó, àti pé kámẹ́rà tí ń ka nọ́ḿbà ọkọ̀ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ojú wọ́dà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn kò lè fi ojú lásán mọ ọkọ̀ tí ó jẹ gbèsè nínú àwọn ọkọ̀ tí ó tò sójú títì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ lójú pópó fi hàn pé ọkọ̀ tí kò san owó-orí jẹ́ 0.6 nínú 100 ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2017 ó ti di 1.8 nínú 100. Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú di arúfin lọ́sàn-án kan òru kan; ìwé tí ń rán wọn létí lójoojúmọ́ tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí onílé tí a bí síbẹ̀ bá gbàgbé, kí ni kí a wí nípa àlejò tí kò mọ̀ rí?

Àyípadà ọdún 2014 mú ohun mìíràn wá tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa sí wàhálà. Nígbà tí ìwé róbótó ṣì wà, ẹni tí ó bá ra àlòkù ọkọ̀ lè bá owó-orí oṣù díẹ̀ lójú gíláàsì rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ títí yóò fi parí. Èyí ti di ìtàn. Ní kété tí ọkọ̀ bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, owó-orí àtijọ́ ti kú nìyẹn: ìjọba yóò dá owó oṣù tí ó pé pérépéré padà fún ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó rà á sì gbọdọ̀ san tirẹ̀ kí ó tó wà á kúrò lójú ẹsẹ̀. Nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù ni owó tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, tí owó ìdápadà kì í sì í ka oṣù tí a wà nínú rẹ̀, ìjọba ń gba owó oṣù tí a ta ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ olùtà àti lọ́wọ́ olùrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá tà á nígbà tí oṣù ń parí lọ, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò sì ṣe dáadáa bí ó bá dúró de ọjọ́ kìíní. Kí olùrà sì má gbàgbé láti gba abala aláwọ̀ ewé kékeré inú lọ́ọ̀gìbúùkù, ìwé tí wọ́n ń pè ní V5C, nítorí nọ́ḿbà tí ó wà lára rẹ̀ ni yóò fi san owó-orí náà lójú ẹsẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù tàbí ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Iye tí a ń san kò dọ́gba, ọjọ́ orí ọkọ̀ sì ni olórí ohun tí ó ń pinnu rẹ̀. Ọkọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di oṣù kẹta ọdún 2001, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tóbi tó ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó wá láti ìgbà náà títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2017, bí èéfín rẹ̀ ti pọ̀ tó ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó dé lẹ́yìn náà, èéfín ni a ń wò ní ọdún kìíní, lẹ́yìn náà iye kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń san, tí ó jẹ́ £195 fún ọdún kan ní ètò ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù kẹrin yẹn kan náà ni ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná, tí kò san nǹkan kan tẹ́lẹ̀, bọ́ sínú àwọn tí ń san. Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ gidigidi ni pé ọkọ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ òdo pàápàá, bíi ti abirùn tí òfin dá sí tàbí ti ọkọ̀ àgbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ṣì gbọdọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ pé a ti san òdo náà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ lo ọkọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá tí ó fẹ́ wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé fún oṣù mélòó kan, gbọdọ̀ fi tó DVLA létí pé ọkọ̀ náà kò sí lójú títì, èyí tí wọ́n ń pè ní SORN, kí ó sì gbé e sínú ọgbà tirẹ̀, kì í ṣe sẹ́bàá títì ìjọba.

Lẹ́tà ìránnilétí ni ó kù tí ń ṣe iṣẹ́ ìwé róbótó, àdírẹ́sì tí ó wà nínú lọ́ọ̀gìbúùkù sì ni lẹ́tà náà ń lọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú onílùú lè wọ yàrá kan lónìí, kí ó kó lọ sí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ yóò máa tò jọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Òfin ní kí a yí àdírẹ́sì padà, ìtanràn àìyí i padà sì lè tó £1,000. Bí owó-orí bá ti kọjá ọjọ́, lẹ́tà ìtanràn £80 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé, tí a lè san ìdajì rẹ̀ bí a bá tètè dáhùn. Bí a kò bá dáhùn, wọ́n lè fi irin de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Adójútòfò ní ìjìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀: £300 àti àmì mẹ́fà lórí láísẹ́ńsì ni ìtanràn fún ẹni tí a bá bá lójú ọ̀nà láìní in. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT náà ní ọjọ́ tirẹ̀, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹta ọkọ̀ ní England, Scotland àti Wales, a kò sì lè san owó-orí ọkọ̀ tí MOT rẹ̀ ti kú.

Láìsí sítíkà kankan lójú gíláàsì, ìlú Lọ́ńdọ́nù ti fi kámẹ́rà yí ara rẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba £5 lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ó bá wọ àárín gbùngbùn ìlú, nígbà tí ó sì di ọdún 2020 ó ti di £15. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni owó èéfín tí wọ́n ń pè ní ULEZ tẹ̀ lé e. Ó gbòòrò dé Peckham, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Èkó kékeré, ní ọdún 2021, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó kárí gbogbo Lọ́ńdọ́nù, Thamesmead àti àwọn àdúgbò etí ìlú kò yọ sílẹ̀. £12.50 ni fún ọjọ́ kan. Ọkọ̀ onípẹtiróòlù tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 2005 sábà máa ń bọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti oní-dísù gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ó dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 tàbí lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ra dísù àtijọ́ nítorí pé owó rẹ̀ kéré yóò rí i pé ọjà náà kò rọ̀ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ni ó kàn jù: láti agogo méjìlá òru dé agogo méjìlá òru ni ọjọ́ kan nínú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹni tí ó wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì wà á padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ti jẹ owó ọjọ́ méjì, £25, fún iṣẹ́ òru kan ṣoṣo. Bí kò bá san án kí ọjọ́ kẹta tó kọjá, ìtanràn £180 ni yóò dé, tàbí £90 bí ó bá tètè san. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ́nù gbọdọ̀ béèrè nípa èéfín ọkọ̀ kí ó tó béèrè nípa àwọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ni ti ọkọ̀ tí a gbé wọ Ìlú Ọba láti ilẹ̀ òkèèrè. Àlejò tí ó wá fún ìgbà díẹ̀ lè lo ọkọ̀ tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn fún oṣù mẹ́fà nínú oṣù méjìlá, bí owó-orí rẹ̀ bá ṣì pé níbi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti di olùgbé kò ní oṣù mẹ́fà yìí: ó gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà tó ilé iṣẹ́ owó-orí létí láàárín ọjọ́ 14, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì san owó-orí kí ó tó máa wà á káàkiri. Ọ̀ràn láísẹ́ńsì yàtọ̀ pátápátá. Oṣù méjìlá ni ẹni tí ó ní láísẹ́ńsì Nàìjíríà lè fi wakọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti di olùgbé, lẹ́yìn náà ó gbọdọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn. Àwọn kan ti da ọjọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Ní ìdà kejì, àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ọkọ̀ láti Ìlú Ọba wá sí èbúté Apápá gbọdọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó ti rékọjá òkun ṣì ń jẹ́ tiwọn lójú DVLA títí wọn yóò fi sọ pé ó ti lọ. Bí ọkọ̀ yóò bá kúrò fún oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abala kan wà nínú lọ́ọ̀gìbúùkù tí a fi ń kéde pé a ti gbé e jáde, owó-orí oṣù tí ó kù yóò sì padà wá. Ẹni tí kò bá ṣe é yóò máa gba lẹ́tà ìtanràn lórí ọkọ̀ tí ó ti ń sáré ní Òṣogbo. Kí ó rántí pẹ̀lú pé Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, pé ibi tí ìtọ́kọ̀ Ìlú Ọba wà kò bá títì wa mu, kí ó sì wádìí èyí kí ó tó náwó.

Bí a bá rékọjá lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, sítíkà ṣì ní ọlá níbẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ní Switzerland, láti ọdún 1985 ni ọkọ̀ tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ ti ń lẹ sítíkà ọdún kan mọ́ gíláàsì. Owó rẹ̀ jẹ́ 40 faransí, nígbà tí ìjọba sì fẹ́ sọ ọ́ di 100 ní ọdún 2013, àwọn ará ìlú fi ìbò kọ̀ ọ́. Kò tó kí a gbé sítíkà náà sínú ọkọ̀; a gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá lẹ̀ ẹ́ lè fi kan ṣoṣo jẹ́ ẹ̀rí fún ọkọ̀ mẹ́ta. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n ti ń ta èyí tí kò ní ara pẹ̀lú, tí a so mọ́ nọ́ḿbà ọkọ̀. Austria bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1997. Slovakia, Bulgaria àti Czech sì ti fi ti inú kọ̀ǹpútà rọ́pò sítíkà tiwọn pátápátá. Ní Faransé, sítíkà owó-orí ọkọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 láti fi ran àwọn arúgbó lọ́wọ́ parí fún ọkọ̀ aládàáni ní ọdún 2000, sítíkà aláwọ̀ ewé ti adójútòfò sì tẹ̀ lé e lọ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024.

Jámánì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Níbẹ̀, sítíkà aláwọ̀ ewé tí ó ń sọ pé èéfín ọkọ̀ kò pọ̀ ti wà láti ọdún 2008, tí ìlú Berlin, Köln àti Hannover bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nọ́ḿbà ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ sí àárín rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá gba nọ́ḿbà tuntun gbọdọ̀ gba sítíkà tuntun, ìtanràn wíwọ ìlú láìní in sì jẹ́ 100 yúrò. Sítíkà èéfín yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú owó-orí ọkọ̀. Àwọn aṣọ́bodè ni ó ń gba ti owó-orí, láti inú àkáǹtì báńkì ẹni tí ó ni ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba Jámánì fẹ́ dá owó ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo ọlọ́kọ̀, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ dín owó-orí àwọn ará ìlú rẹ̀ kù ní iye kan náà, Austria pè é lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù sì dá a lẹ́bi ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2019, pé orí àlejò nìkan ni ẹrù náà yóò já lé. Ìdájọ́ ńlá ni èyí fún gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú onílùú: ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gba owó ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi owó ọ̀nà ya ọmọ Yúróòpù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ bí àjèjì.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọba lórí títì rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó dé Texas, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tẹ̀dó sí Houston, ní ọjọ́ 30 láti forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. New York ní ọjọ́ 30 bákan náà, ṣùgbọ́n ogúnjọ́ péré ni California fún un. Texas ń lẹ sítíkà rẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, California ń lẹ tirẹ̀ mọ́ nọ́ḿbà ẹ̀yìn, Pennsylvania sì ti fi òpin sí tirẹ̀ ní ìparí ọdún 2016. Ní ọdún 2015 ni Texas sọ sítíkà àyẹ̀wò àti ti ìforúkọsílẹ̀ di ẹyọ kan. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025 ni ó sì ti mú àyẹ̀wò ara ọkọ̀ kúrò fún ọkọ̀ aládàáni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní àwọn àgbègbè bíi Harris, tí Houston wà. Nítorí náà ẹni tí ó bá kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn ti kó lọ sí abẹ́ òfin mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà.

Nítòsí ilé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ẹni tí ó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kùtọnu tàbí Lomé mọ̀ pé adójútòfò Nàìjíríà kò dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, tí wọ́n buwọ́ lù ní Kùtọnu ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, ni ó ń mú adójútòfò ẹni kọjá ibodè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adójútòfò ni káàdì náà ń sọ. Kò sọ àlejò di olùgbé, kò sì san owó-orí fún un.

Bí a bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, òtítọ́ kan ṣoṣo ni ó la gbogbo òfin wọ̀nyí já: ẹlẹ́rìí lásán ni sítíkà jẹ́, inú àkọsílẹ̀ ìjọba ni gbèsè wà, ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó sì ń sọ ìjọba tí ó jẹ ní gbèsè. Àwọn ilẹ̀ ìṣọ̀kan Yúróòpù sábà máa ń ka ẹni tí ó bá lo ó kéré tán ọjọ́ 185 lọ́dún sí olùgbé. Àwọn mìíràn ń wo ilé, iṣẹ́ tàbí ibi tí ọmọ ẹni ń lọ sí ilé-ìwé. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó tan ọkọ̀: Níbo ni òfin gbà pé mo ń gbé? Ọkọ̀ wo ni mo ní, kí ni ọjọ́ orí rẹ̀ àti èéfín rẹ̀? Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà, ta ni ó sì ni í? Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ owó tí ó kàn án, ìbáà sí sítíkà, ìbáà má sí.

Ní ti bóyá ó dára kí sítíkà kúrò lójú gíláàsì, èrò tèmi ni pé ó dára fún ìjọba ju bí ó ti dára fún aráàlú lọ. Ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ìwé títẹ̀, ó sì ń rí owó ìtanràn gbà láìrán ẹnikẹ́ni jáde. Ṣùgbọ́n àlejò pàdánù olùkọ́ tí kì í gba owó. Ó tọ́ kí ìjọba tí ó mú ìránnilétí náà kúrò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé òfin ọkọ̀ fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbélùú, ní èdè tí ó lè yé e. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe jókòó máa retí. Àwọn gbájúẹ̀ náà ti mọ̀ pé àlejò ń bẹ̀rù: wọ́n ń fi orúkọ DVLA rán àtẹ̀jíṣẹ́ èké pé owó-orí kan fẹ́ padà wá, kí a sọ nọ́ḿbà káàdì báńkì wa, àwọn mìíràn sì ń ta owó ojú ọ̀nà Yúróòpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye tí ó ju ti ìjọba lọ.

Mo wá ń bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lèmọ́mù tí ẹ ń ṣe àkóso àwọn ènìyàn wa lókè òkun: nígbà tí ẹ bá ń bá ẹni tuntun wá ilé àti iṣẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún un, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ìbéèrè wà kò lè béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé Ìlú Ọba, ìjọba ti ṣí ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ sí láti mọ ọjọ́ tí owó-orí àti MOT rẹ̀ yóò parí. Ẹ lọ wo tiyín lónìí, kí ẹ sì wo ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.